Iye Owó Ọkọ̀ Ogun

Olúwa wa fi ẹni tí ó fẹ́ kọ́ ilé ìṣọ́ ṣe òwe, pé ó yẹ kí ó ṣírò owó rẹ̀ ṣáájú, kí ó má baà di ẹni ẹ̀sín. Ẹ̀kọ́ yìí kan ìjọba bí ó ti kan àgbẹ̀, ìtàn àwọn ọkọ̀ ogun ilẹ̀ Nàìjíríà sì fi í hàn gbangba. Bí a tilẹ̀ jìnnà sí òkun ní Alákíà níhìn-ín, ọ̀rọ̀ náà kàn wá. Nítorí àpò kan náà ni a ti ń mú owó ọkọ̀ ogun àti owó ilé-ìwé jáde.

Ní ọdún 1959, a gba ọkọ̀ àlòkù kan lọ́wọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Hare ni orúkọ rẹ̀ tẹ́lẹ̀, a sì sọ ọ́ ní Nigeria. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ náà ti la ogun àgbáyé kejì kọjá. Nígbà tí ó fi di ọdún 1962, títú ni a dá a padà fún.

Nígbà tí owó epo rọ̀bì pọ̀, ojú ìjọba wá ga sí i. Ní ọdún 1977, a gbé iṣẹ́ ọkọ̀ ńlá kan, tí gígùn rẹ̀ ju mítà 125 lọ, fún ilé iṣẹ́ Blohm + Voss ní Hamburg, ní ilẹ̀ Jámánì. Aradu ni a sọ ọ́, èyí tí í ṣe ààrá ní èdè Haúsá. Ọdún 1982 ni ó tó wọ iṣẹ́. Ní àkókò náà gan-an ni owó epo ń rẹlẹ̀. Nígbà tí ó sì di ọdún 1986, náírà ṣubú. Owó òkèèrè ni a fi ń ra ohun èlò àtúnṣe, nítorí náà ìtọ́jú ọkọ̀ náà di ẹrù wíwúwo. Ní ọdún 1987 ó forí sọ ilẹ̀ lábẹ́ omi. A tún un ṣe, ó tún bàjẹ́, títí ó fi di èyí tí a so mọ́ èbúté.

Ní ọdún 2012, a bá ilẹ̀ Ṣáínà ṣe àdéhùn ọkọ̀ méjì. A ti lérò pé ní ilẹ̀ wa ni a ó ti ṣe apá púpọ̀ nínú iṣẹ́ èkejì, kí àwọn ọmọ wa lè kọ́ ọ. Èkíní, Centenary, wọ iṣẹ́ ní ọdún 2015. Èkejì, Unity, kò dé títí di ìparí ọdún 2016, Ṣáínà ni a sì ti parí rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ní Èkó, àwọn ọmọ-ogun ojú omi wa ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tiwọn ní ọdún 2007. Ọkọ̀ kékeré ni Andoni, mítà 31 péré, ó sì gbà wọ́n ní ọdún márùn-ún. Karaduwa tẹ̀ lé e ní ọdún 2016, Oji ní ọdún 2021. Òkèèrè ni ẹ̀rọ wọn ti wá, wọn kò sì lè ṣe iṣẹ́ Aradu. Síbẹ̀, díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọ ọgbà. Ẹni tí ó kan ọkọ̀ fúnra rẹ̀ mọ ibi tí yóò gbé e tú nígbà tí ó bá bàjẹ́.

Nítorí náà, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, iye tí a san lọ́jọ́ ọjà kọ́ ni iye owó ọkọ̀. Ẹ ka ọdún tí a fi dúró dè é mọ́ ọn, ẹ ka ọdún tí a ó fi tọ́jú rẹ̀ mọ́ ọn, kí ẹ sì béèrè ẹni tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ láàárín wa.