Orúkọ Baba Ńlá Wa Nínú Ìwé Ilẹ̀ Àtijọ́

Láti ọwọ́ Alukoro Ẹgbẹ́

Ọdún mẹ́wàá kì í ṣe ọjọ́ mẹ́wàá. Akọ̀wé wa ti kọ ìtàn ẹgbẹ́ sínú ìwé yìí, n kò ní tún un kọ. Ìtàn tó ṣáájú ẹgbẹ́ ni mo fẹ́ bá yín sọ: bí ẹnikẹ́ni nínú wa ṣe lè wá baba ńlá rẹ̀ tó gbé ayé nígbà ìjọba òyìnbó rí nínú àwọn ìwé ilẹ̀ àtijọ́, àti ìdí tó fi yẹ kí á tètè ṣe é.

Iṣẹ́ báńkì ni iṣẹ́ mi. Ẹni tó bá wá yá owó ńlá, a ó bi í pé kí ni yóò fi dúró. Ọ̀pọ̀ ọmọ Èkìtì ló máa ń dáhùn pé, "Ilẹ̀ baba wa wà nílé." Bí a bá tún bi í pé baba wo, kí ni orúkọ rẹ̀ gan-an, ta ló fún un, ìgbà wo ló dé ibẹ̀, ta ni wọ́n jọ pa ààlà lápá ọ̀tún àti lápá òsì, ọ̀rọ̀ á di wíwo ojú ara ẹni. Kì í ṣe pé ó ń purọ́. Ilẹ̀ náà wà, àwọn ènìyàn rẹ̀ sì ń jẹ lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí kò bá sí nínú ìwé, báńkì kò lè gbà á, agbẹjọ́rò ẹni tó ń bá a jà kò sì ní ṣàánú rẹ̀.

Àwọn àgbà ní, bí ọmọdé kò bá ìtàn, yóò bá àrọ́bá; àrọ́bá ni baba ìtàn. Òótọ́ ni. Àmọ́ ní gbogbo ìgbà tí a bá sin àgbà kan, a ń sin àrọ́bá pẹ̀lú rẹ̀. Ohun tó kù ni kí á mú àrọ́bá dání lọ́wọ́ kan, kí á mú ìwé dání lọ́wọ́ kejì.

Bí orúkọ àwọn baba wa ṣe dé inú ìwé

Apá àríwá Èkìtì níbí rí ogun jìnnìjìnnì ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Ìlọrin ń bọ̀, Tápà ń bọ̀, Ìbàdàn ń bọ̀. Láti Ìdó dé Ọyẹ́, láti Ọyẹ́ dé Ìkọ̀lé, àwọn ènìyàn sá gun òkè, ìlú kékeré sì lọ fara mọ́ ìlú ńlá. Ní nǹkan bí àárín ọ̀rúndún náà ni jagunjagun Èṣùbíyì, ọmọ Ìyè, tẹ Ayédé dó, tí ó kó àwọn ènìyàn láti ìlú oríṣiríṣi jọ síbẹ̀. Ogun Kírìjì tẹ̀ lé e. Ọjọ́ 23 oṣù kẹsàn-án ọdún 1886 ni wọ́n tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn àlàáfíà, ṣùgbọ́n ó di 1893 kí àwọn ọmọ ogun tó tú àgọ́ ká. Ní 1897, Royal Niger Company ṣẹ́gun Bídà, ọkàn àwọn ará ìhà ọ̀hún sì balẹ̀ díẹ̀.

Nígbà náà ni kálukú bẹ̀rẹ̀ sí í padà sí oko baba rẹ̀. Ẹni tó tètè dé bá ilẹ̀ ní òfìfo. Ẹni tó pẹ́ dé bá ẹlòmíràn lórí rẹ̀. Kí wọ́n tó parí ìyẹn, kòkó dé. Ilẹ̀ tí a fi ń gbin iṣu, ọdún méjì mẹ́ta, a ó fi í sílẹ̀ kó sinmi. Ilẹ̀ kòkó kò rí bẹ́ẹ̀: ẹni tó bá gbìn ín, ọmọ ọmọ rẹ̀ lè máa ká a. Ààlà tí ẹnikẹ́ni kò kà sí tẹ́lẹ̀ wá di ohun tí ọmọ ìyá méjì ń torí rẹ̀ bínú. Wọ́n gbé e lọ sí kóòtù ìbílẹ̀. Ọba àti àwọn ìjòyè jókòó, akọ̀wé kóòtù mú gègé, ó kọ orúkọ ẹni tó pe ẹjọ́, orúkọ ẹni tí a pè lẹ́jọ́, orúkọ ẹlẹ́rìí, àti ohun tí kálukú sọ nípa bí baba rẹ̀ ṣe dé orí ilẹ̀ náà. Ìjà ilẹ̀ ló sọ ọ̀pọ̀ baba wa, tí kò mọ̀wé kankan, di ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé títí dòní.

Ibi tí a ti ń wá a

Ó yẹ kí á mọ ọ̀nà tí ìwé gbà rìn. Ní 1913, Adó di ibùjókòó ìjọba òyìnbó fún Èkìtì. Ní 1915, wọ́n fi Èkìtì sí abẹ́ Òǹdó Province, tí olú ìlú rẹ̀ jẹ́ Àkúrẹ́. Lẹ́yìn òmìnira, Ìbàdàn ni a ń wò gẹ́gẹ́ bí olú ìlú Ìwọ̀-Oòrùn. Ní 1976, Ìpínlẹ̀ Òǹdó bẹ̀rẹ̀. Ní 1 oṣù kẹwàá 1996, Ìpínlẹ̀ Èkìtì dé. Nítorí náà, ẹni tó bá ń wá ìwé àtijọ́ tó sì dúró sí Adó nìkan, ó ṣeé ṣe kó padà sílé lọ́wọ́ òfìfo.

Ibi tó lọ́rọ̀ jù ni Ilé Ìkówèéàtijọ́pamọ́sí ti ìjọba àpapọ̀, National Archives, tó wà nínú ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn. Ọ̀jọ̀gbọ́n Kenneth Dike ló ṣe agbátẹrù rẹ̀. 1954 ni wọ́n dá iṣẹ́ náà sílẹ̀. Àwọn fáìlì ilé iṣẹ́ ajẹ́lẹ̀ Èkìtì wà níbẹ̀ lábẹ́ orúkọ Ekiti Div, ti Àkúrẹ́ sì wà lábẹ́ Ondo Prof. Ìjà ààlà ìlú sí ìlú, ẹ̀sùn tí olórí ẹbí kọ sí ajẹ́lẹ̀, ọ̀rọ̀ owó orí, gbogbo rẹ̀ wà nínú wọn. Ìròyìn tí òyìnbó kan, N. A. C. Weir, kọ nípa àwọn ìlú Èkìtì ní àwọn ọdún 1930 wà lára ohun tí àwọn òpìtàn máa ń kà. Ìwé àwọn ajíhìnrere C.M.S. náà wà ní Ìbàdàn níbẹ̀. Irú àwọn ìwé báyìí ni Ọ̀jọ̀gbọ́n S. A. Akíntóyè, ọmọ Èkìtì bíi tiwa, lò pẹ̀lú àrọ́bá láti fi kọ ìtàn Èkìtìparapọ̀ tó jáde ní 1971.

Ohun kan wà tí àwọn ará Ọ̀tùn, aládùúgbò wa, gbọ́dọ̀ mọ̀. Abẹ́ Ìlọrin ni òyìnbó fi Ọ̀tùn sí títí di 1936, kí wọ́n tó dá a padà sí Èkìtì. Ìwé Ìlọrin ti ìgbà náà, Kàdúná ni a kó o pamọ́ sí. Ọmọ Ọ̀tùn lè fi oṣù kan wá baba rẹ̀ ní Ìbàdàn, kó jẹ́ pé Kàdúná ni baba ń dúró dè é.

Ní ti ìwé ilẹ̀ gan-an, òfin ìforúkọsílẹ̀ ilẹ̀ ti 1924 wà, ṣùgbọ́n àgbẹ̀ wo ló ń náwó sí i nígbà náà? Ìjọba, ìjọ Ọlọ́run àti ilé iṣẹ́ òyìnbó ló sábà máa ń forúkọ ilẹ̀ sílẹ̀. Ẹ má sọ pé kò kàn wá. Ìgbà tí àwọn baba wa bá fún ìjọ tàbí ilé ẹ̀kọ́ ní ilẹ̀, orúkọ àwọn tó fún wọn, àmì ìtẹ̀ka wọn àti orúkọ àwọn tó bá wọn pa ààlà a máa wà nínú ìwé náà. Òfin 1915 tó dáàbò bo aláìmọ̀wé sì sọ pé ẹni tó bá bá aláìmọ̀wé kọ ìwé gbọ́dọ̀ kọ orúkọ àti àdírẹ́sì tirẹ̀ sí i. Nítorí náà, bí ẹ bá rí ìwé kan nínú àpótí ìyá àgbà, ẹ wo ìsàlẹ̀ rẹ̀. Orúkọ akọ̀wé náà lè mú yín dé ibi tí ìyókù wà.

Orúkọ lè fara pamọ́

Ìṣòro àkọ́kọ́ ni pé àwọn baba wa kì í jẹ́ orúkọ méjì bíi tiwa. Akọ̀wé á kọ Fákúnlé lásán, ó parí. Ìṣòro kejì ni pé nígbà tí ìgbàgbọ́ dé, ọ̀pọ̀ ọmọ yọ Ifá àti Ògún kúrò nínú orúkọ: Fákúnlé di Olúkúnlé, Ògúndélé di Olúdélé. Ẹni tó bá ń wá Olúkúnlé nínú ìwé ọdún 1920 lè máa kọjá lára baba rẹ̀ láìmọ̀. Ẹ̀kẹta ni àkọtọ́. Wọn kì í fi àmì sí i, wọ́n á kọ Ayédé ní "Aiyede", wọ́n á sì fi "sh" rọ́pò ṣ. Ẹ pe orúkọ náà sókè bí ẹ ṣe ń kà á. Etí á mọ ohun tí ojú kò mọ̀.

Ìṣòro kẹrin ni ọjọ́ orí, ibí yìí sì ni ẹgbẹ́ ti wúlò. Akọ̀wé kóòtù kàn máa ń wo ojú ènìyàn ni, kó kọ ohun tó bá rò. Ṣùgbọ́n nílẹ̀ wa, ẹ bi àgbà pé, "Ẹgbẹ́ wo ni baba mi wà?" Bí a bá ti mọ ẹgbẹ́, a ti mọ àwọn tí wọ́n jọ dàgbà, a sì lè fi ohun tó ṣẹlẹ̀ wọn ọjọ́ orí wọn: ṣé wọ́n ti lè gbé ìbọn nígbà Kírìjì? Ṣé wọ́n ti gbéyàwó nígbà àjàkálẹ̀ àrùn 1918? Ṣé wọ́n ti di àgbàlagbà nígbà ìsọjí Joseph Ayọ̀ Babalọlá ní 1930 sí 1931? Bí Fákúnlé méjì bá wà nínú ìwé, ẹgbẹ́ ni yóò fi tiwa hàn wá. Ẹ ò rí i pé ẹgbẹ́ kì í ṣe aṣọ àti ijó nìkan.

Ohun tí ilé ẹjọ́ ń wò

Ní 1913, ìjọba gba ilẹ̀ ìdílé Olúwa ní Àpápá, nílùú Èkó. Olóyè Àmọ́dù Tìjání bá wọn ṣẹjọ́ títí dé Privy Council ní Lọ́ńdọ̀nù. Herbert Macaulay bá a lọ síbẹ̀. Ní 1921, àwọn adájọ́ dá a láre. Wọ́n ní nílẹ̀ wa, ti àwùjọ, abúlé tàbí ẹbí ni ilẹ̀, àti pé ìjọba gbọ́dọ̀ san owó ilẹ̀ náà pé. Ìdájọ́ náà ṣì ń ràn wá lọ́wọ́.

Ní 1976, nínú ẹjọ́ Idundun àti Okumagba tó ti Warri wá, ilé ẹjọ́ gíga jù lọ ka ọ̀nà márùn-ún tí ènìyàn lè gbà fi hàn pé òun ló nilẹ̀: ìtàn àtọwọ́dọ́wọ́, ìwé, ìwà onílẹ̀ tí a ti ń hù lórí rẹ̀, pípẹ́ lórí ilẹ̀ náà láìsí ìyọlẹ́nu, àti níní ilẹ̀ tó fara kàn án. Àrọ́bá ni wọ́n kọ́kọ́ dárúkọ. Ṣùgbọ́n bí àrọ́bá ìhà méjèèjì bá takora, ẹjọ́ Kojo àti Bonsie ti Gold Coast, tí wọ́n dá ní 1957, ti fi kọ́ adájọ́ pé kó má wo ẹnu ta ló dùn jù. Kó wo ohun tó ti ṣẹlẹ̀ láìpẹ́ jọjọ, kó mọ ìtàn tó bá a mu. Ìwé kóòtù ìbílẹ̀ àtijọ́ wúlò púpọ̀ níbẹ̀. Òfin ẹ̀rí sì tún sọ pé ìwé tó bá ti pé ogún ọdún, tó ti ibi tó yẹ kó wà jáde, ilé ẹjọ́ lè gbà pé ojúlówó ni. Ẹ má fi ìwé baba yín dáná o.

Ọ̀rọ̀ ìkìlọ̀

Ẹni tó bá ń walẹ̀, kò lè yan ohun tí yóò wú jáde. A lè rí i pé baba ńlá wa kò tẹ ibi kan dó rárá, àlejò tó ń san ìsákọ́lẹ̀ ni. A lè rí i pé ìwọ̀fà ni, tàbí ẹni tí ogun kó wá. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, kí á má bo ìwé náà mọ́lẹ̀, kí á má sì fi bú ẹnìkan. Ẹni tó dé ní ọwọ́ òfìfo tó sì sọ igbó di ilé, ọkùnrin ni. Kí á tún rántí pé ẹni méjì ló máa ń rojọ́; ohun tí baba wa sọ ní kóòtù, tirẹ̀ ló sọ. Ẹ ka ti ẹnìkejì náà.

Ìdí tí mo fi ń sọ èyí ni pé ìjà tó pọ̀ jù lónìí kì í ṣe láàárín wa àti àjèjì. Àárín ẹbí ni. Ọmọ kan á ta ilẹ̀ ẹbí láìjẹ́ kí olórí ẹbí mọ̀, àwọn ìyókù á gbọ́ nígbà tí katakata bá dé. Òfin kò gba irú títà bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ fi ogún ọdún lọ sí kóòtù? Òfin ilẹ̀ ti 1978 fi ilẹ̀ sí ìkáwọ́ gómìnà, ó sì fi ẹni tó ti wà lórí ilẹ̀ tẹ́lẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ jẹ àǹfààní yẹn gbọ́dọ̀ lè sọ bí òun ṣe dé ibẹ̀.

Nítorí náà, mo bẹ ẹgbẹ́ wa. Kí kálukú wa lọ jókòó ti àgbà kan nínú ẹbí rẹ̀ kí ọdún yìí tó parí, kó kọ ojú ewé kan péré: orúkọ baba ńlá bí wọ́n ṣe ń pè é gan-an, oríkì rẹ̀, ẹgbẹ́ rẹ̀, àdúgbò rẹ̀, oko rẹ̀, odò àti pẹ̀rẹ̀gún tó fi pa ààlà, àti àwọn tó bá a pa á. Kí ẹgbẹ́ dì wọ́n pọ̀, kí á fi ẹ̀dà kan sí ààfin, kí á fi ẹ̀dà kan sọ́wọ́ Akọ̀wé. Lẹ́yìn náà, kí á yan ẹni méjì mẹ́ta tí yóò lọ sí Ìbàdàn fi wọ́n wé ohun tó wà nínú fáìlì. Owó rẹ̀ kò tó owó aṣọ ẹgbẹ́jọdá ọdún kan.

Ọdún mẹ́wàá mìíràn ń bọ̀. Kí ó tó dé, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó lè dá wa lóhùn lè ti lọ sinmi. Kí Olúwa dá ẹ̀mí wọn sí títí a ó fi dé ọ̀dọ̀ wọn, kí ó sì jẹ́ kí àwọn ọmọ tiwa náà mọ orúkọ wa. Àṣèyí ṣàmọ́dún o.