Ọkọ̀ tí ń jùdí: láti orí òkè Japan dé Arakale

Mo mọ̀ pé ẹ ti ń retí ìyókù ọ̀rọ̀ tí mo bẹ̀rẹ̀ lórí orúkọ àbísọ, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a fi ti ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ṣáájú. Orúkọ kan ni yóò kúkú mú wa dé ibẹ̀.

Ní ọdún méjì sẹ́yìn, mo tẹ̀lé ọmọ àbúrò ìyá mi lọ sí ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì kan ní ìtòsí Arakale, ní Akúrẹ́. Ó ní Toyota Corolla kan tí ó ti ná owó púpọ̀ lé lórí. Ó gé sípíríǹgì rẹ̀ kí ó lè sún mọ́ ilẹ̀, ó de apá ńlá mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀ bí ìyẹ́ ẹyẹ, ó sì kùn ún ní dúdú tí kò dán. Ohun kan ṣoṣo ni ọkọ̀ náà kò lè ṣe, òun gan-an sì ni ó tìtorí rẹ̀ náwó. Bàbá mẹkáníìkì wò ó yípo, ó ní: "Ọmọ yìí, ọkọ̀ tó ń fi ọwọ́ wọ́ ara rẹ̀ nílẹ̀, báwo ni yóò ṣe jùdí?"

Jùdí! N kò tíì gbọ́ ọ̀rọ̀ tí ó bá drift mu tó bẹ́ẹ̀ rí. Bí awakọ̀ bá dé kọ́nà, yóò mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kí táyà ẹ̀yìn yọ̀, ìdí ọkọ̀ yóò fì sí ẹ̀gbẹ́ kan, yóò sì máa fi sítíárín àti ẹ́ńjìnnì darí rẹ̀ títí yóò fi jáde ní kọ́nà náà. Ohun tí bàbá ń sọ ni pé táyà ẹ̀yìn ni ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ máa yí kí èyí tó lè ṣeé ṣe dáadáa. Ti Corolla àbúrò mi, táyà iwájú ni ó ń yí.

Ní Japan ni eré yìí ti di iṣẹ́ ọnà. Kunimitsu Takahashi, tí ó ti kọ́kọ́ gbajúmọ̀ nínú eré alùpùpù, ni ó ń fi Nissan Skyline ṣe é lórí pápá eré ìje ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970. Ọ̀dọ́ kan tí ń jẹ́ Keiichi Tsuchiya wò ó, ó sì gbé àṣà náà lọ sí ojú ọ̀nà orí òkè tí ó kún fún kọ́nà, irú èyí tí ẹni tí ó bá ti dé Ìdànrè lè fojú inú wò. Fídíò tí wọ́n ṣe nípa rẹ̀ ní 1987 ni ó tàn kálẹ̀. Ọkọ̀ rẹ̀ kì í ṣe ọkọ̀ olówó. Ẹbí Corolla ni, AE86, tí wọ́n ṣe láti 1983 sí 1987. Àwọn ará ibẹ̀ ń pè é ní Hachi-Roku, ìyẹn ẹẹ́jọ-ẹẹ́fà.

Ẹ fi ọkàn sí ọdún 1983 yẹn. Ọdún náà ni Toyota sọ Corolla onílẹ̀kùn mẹ́rin di ọkọ̀ tí ń fi táyà iwájú fa ara rẹ̀. Camry ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ láti 1982. Ṣùgbọ́n wọ́n jẹ́ kí AE86 ṣì máa fi ẹ̀yìn tì. Ẹbí náà pín sí méjì, ìdajì tí ń fi iwájú fà ni ó sì wá kún ilẹ̀ wa.

Kò rí bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Datsun 120Y àti Corolla àwọn ọdún 1970 tí àwọn bàbá wa wà, ẹ̀yìn ni gbogbo wọn fi ń tì. Bẹ́ẹ̀ náà ni Peugeot 504 tí wọ́n ń tò ní Kaduna láti 1975. Nígbà tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Oǹdó sílẹ̀ ní 1976 tí Akúrẹ́ di olú-ìlú, irú ọkọ̀ wọ̀nyí ni àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba gbé wọ̀lú. Takisí ni púpọ̀ nínú wọn parí ayé wọn sí. A lò wọ́n dé eegun.

Lẹ́yìn náà ni ètò àtúntò ọrọ̀ ajé ti 1986 dé. Náírà já wálẹ̀, ọkọ̀ tuntun di ohun àwòpadàsẹ́yìn, ọkọ̀ àlòkù láti Yúróòpù sì bẹ̀rẹ̀ sí í gba èbúté Kùtọnu àti Èkó wọlé. Yorùbá kò wá orúkọ lọ jìnnà. Ọmọ tí a bí sí ẹ̀yìn odi tí a sì gbé wá sílé, Tòkunbọ̀ ni. Ọkọ̀ náà sì di tòkunbọ̀. Ẹ ṣàkíyèsí pé ọ̀rọ̀ náà kò bu ọkọ̀ kù. Kò pè é ní àlòkù, ọmọ wa tí ó ti òkun bọ̀ ni ó pè é. Mo fẹ́ràn èyí ju ẹẹ́jọ-ẹẹ́fà àwọn ará Japan lọ. Orúkọ tí a sọ àwọn Toyota àti Honda tí ó tẹ̀lé e tún kún fún ẹ̀fẹ̀: Camry àwọn ọdún 1992 sí 1996 ni Orobo, ti 2002 sí 2006 ni Big Daddy, èyí tí ó tẹ̀lé e ni Muscle. Accord kan sì wà tí wọ́n ń pè ní End of Discussion!

Ojú ni gbogbo orúkọ wọ̀nyí ń wò. Ojú náà sì ni a máa ń tún ṣe. Wọn yóò tú iná, bọ́ńpà àti bọ́nẹ́ẹ̀tì Muscle kúrò, wọn yóò fi ti ọdún tí ó kẹ́yìn sí i, ọkọ̀ yóò sì di ọmọdé padà. Àwọn páńẹ́lì bítà wa mọ iṣẹ́ yìí dójú àmì. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ni ijó wà.

Àbúrò mi ta Corolla náà. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó gbé Lexus IS kan dé, èyí tí àwọn ará Japan ń pè ní Toyota Altezza títí di 2005. Èyí ń fi ẹ̀yìn tì. Ó ní kí bàbá bá òun jó dífà rẹ̀ pọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Bí ọkọ̀ bá ń yà ní kọ́nà, táyà ìta ń rin ọ̀nà tí ó gùn ju ti inú lọ, dífà ni ó sì ń jẹ́ kí olúkúlùkù sáré níwọ̀n tirẹ̀. Bí wẹ́dà bá jó o pọ̀, méjèèjì yóò máa yí bákan náà, ọ̀kan gbọ́dọ̀ yọ̀. Ó dára fún ìjùdí. Ní ojú pópó, yóò máa jẹ táyà, yóò máa ké ní gbogbo kọ́nà, bí òjò bá sì rọ̀, ìdí ọkọ̀ lè fì láìjẹ́ pé awakọ̀ fẹ́ bẹ́ẹ̀.

"Ọkọ̀ mélòó lo ní?" ni bàbá bi í.

"Ẹyọ kan ni, sà."

"Èyí náà lo fi ń gbé ìyá rẹ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì?"

Àbúrò mi dákẹ́. Lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ti South Africa, níbi tí àwọn ọ̀dọ́ Soweto ti ń fi BMW pòyì láti àwọn ọdún 1980, níbi ìsìnkú àwọn ọmọ ìta ní ìbẹ̀rẹ̀, títí wọ́n fi gbà á ní eré ìdárayá ní 2014. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n inú ọgbà ni wọ́n ti ń ṣe é báyìí, pẹ̀lú ògiri láàárín wọn àti òǹwòran. N kò mọ irú ọgbà bẹ́ẹ̀ kankan ní Akúrẹ́, mo sì sọ fún un.

Bàbá kò jó o. Ó ní kí ó wá dífà Bẹ́líjíọ̀mù mìíràn, òun yóò jó ìyẹn pọ̀, òun yóò sì máa pààrọ̀ wọn fún un bí ó bá ti rí pápá tí kò sí ènìyàn. Títí di àárọ̀ òní, kò tíì rí èyí tí ó bá Lexus náà mu. Ó ní òun ń lọ sí Ládípọ̀ ní Èkó lọ́jọ́ Ẹtì.

Ẹ̀yin náà ńkọ́? Kí ni àwọn mẹkáníìkì àdúgbò yín ń pè é?