Báwo ni àwọn baba wa ṣe ń kọ́ nǹkan sórí? Ọgbọ́n fún ìdánwò ọmọ wa



Bí ìdánwò CEP, BEPC àti BAC bá ti ń sún mọ́lé, àwọn ọmọ wa kì í sùn mọ́. Ọmọ á ka ojú ìwé kan náà lẹ́ẹ̀mẹ́wàá lóru, á ní òun ti mọ̀ ọ́n. Tó bá dé iwájú ìdánwò, gbogbo rẹ̀ á ti fò lọ. Àwa òbí á wá sọ pé orí rẹ̀ ò pé. Àmọ́ ìtàn wa fi hàn pé ọ̀nà tí èèyàn gbà kọ́ nǹkan ló ṣe pàtàkì jù.

Ẹ wo àwọn babaláwo, tí àwọn Gùn àti Fọ̀n ń pe Ifá wọn ní Fá. Odù jẹ́ 256, ẹsẹ inú wọn kò sì lóǹkà. Orí ni wọ́n ń kó gbogbo rẹ̀ sí, kì í ṣe inú ìwé. Báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe é?

Èkíní, wọ́n ń tò ó. Ojú odù 16 ni ọmọ awo kọ́kọ́ ń mọ̀, láti Ogbè dé Òfún. Bí Ìrosùn bá hàn lápá ọ̀tún ọ̀pẹ̀lẹ̀, tí Ìwòrì hàn lápá òsì, Ìrosùn-Ìwòrì nìyẹn. Ẹni tó bá mọ 16 dáadáa ti mọ orúkọ 256.

Èkejì, wọn kì í kánjú. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Ọmọ awo á gba ẹsẹ kan lẹ́nu ọ̀gá rẹ̀, á máa tún un sọ, kó tó gba òmíràn. Ó lè lo ọdún mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ̀kẹta, wọ́n ń sọ ọ́ síta. Bí awo bá ń sun ìyẹ̀rẹ̀ láàárín ẹgbẹ́ rẹ̀, wọn á máa gbè é. Bó bá ṣì í, wọn á dá a dúró.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ní ilé kéwú. Ọmọ á kọ́ ohun tó wà lára wàláà, á kà á fún áfáà láìwò ó, lẹ́yìn náà ni wọn á fọ wàláà náà. Orí nìkan ló kù tó lè gbé e.

Ní 1885, Hermann Ebbinghaus, ará Jámánì, tẹ ìwé kan jáde lórí bí òun fúnra rẹ̀ ṣe ń kọ́ nǹkan sórí. Ó rí i pé kíá lẹ́yìn tí a bá kọ́ nǹkan ni a ń gbàgbé púpọ̀ jù, àti pé àtúnkọ́ tí a pín sí ọjọ́ púpọ̀ dára ju èyí tí a ṣe lẹ́ẹ̀kan náà. Ní 2006, Roediger àti Karpicke ní Amẹ́ríkà dán àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wò. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú márùn-ún, àwọn tó tún ìwé kà ló rántí jù. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, àwọn tó pa ìwé dé tí wọ́n sì gbìyànjú láti rántí ló borí. Ohun tí àwọn baba wa ti ń ṣe tipẹ́ nìyẹn.

Nítorí náà, kí ọmọ ka ẹ̀kọ́ kan, kó pa ìwé dé, kó sọ ohun tó rántí, kó sì ṣí ìwé wo ibi tó ti ṣì í. Kó tún un ṣe lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, àti lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan.

Ẹ̀yin ìyá àti bàbá tí ẹ ò gbọ́ Faransé, iṣẹ́ yín ńkọ́? Ẹ gba ìwé lọ́wọ́ ọmọ, kí ẹ ní kó ṣàlàyé ẹ̀kọ́ náà fún yín ní Yorùbá. Bí kò bá yé e, ẹ máa mọ̀, nítorí ẹnu rẹ̀ á kọ́. Lẹ́yìn náà, kó tún un sọ ní Faransé, torí èdè tí wọ́n fi ń ṣe ìdánwò nìyẹn.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ lónìí, ẹ má dúró de ọ̀sẹ̀ ìdánwò. Àwọn ọmọ wa á yege o.