Yíyan Ẹṣin fún Ìkọ́: Láti Ọ̀yọ́-Ilé dé Etí Ọ̀sà

Ní ìlú etí ọ̀sà bí Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́, ẹni tó fẹ́ kọ́ ẹṣin ní láti kọ́kọ́ mọ̀ bóyá ẹṣin náà yóò yè. Eṣinṣin tsetse, tó ń gbé inú igbó àti etí odò, ló ń gbé kòkòrò àrùn trypanosoma láti ara ẹran kan sí òmíràn. Ẹṣin tó bá kó àrùn yìí a máa rù bó tilẹ̀ ń jẹun. Ibà a mú un, a fi í sílẹ̀, a tún padà wá. Abẹ́ ikùn àti ẹsẹ̀ rẹ̀ a máa wú, títí yóò fi kú. Àwọn ẹṣin kúkúrú kan wà, bí Kotokoli ti ilẹ̀ Togo àti Benin, tí ara wọn lè gba àrùn náà díẹ̀, àmọ́ ẹṣin gíga tí àwọn jagunjagun fẹ́ràn kò lè fara dà á. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé, nínú ìtàn ẹṣin nílẹ̀ Yorùbá, ibi tí ẹṣin yóò gbé àti àsìkò tí wọn yóò gùn ún ni wọ́n ń rò kí wọ́n tó ro eré àti ẹwà rẹ̀.

Inú ọ̀dàn ni Ọ̀yọ́-Ilé, olú ìlú ìjọba Ọ̀yọ́ àtijọ́, wà, kò sì jìnnà sí odò Ọya, níbi tí eṣinṣin yìí kò pọ̀ tó ti inú igbó. Síbẹ̀, rírà ni wọ́n ń ra ọ̀pọ̀ nínú ẹṣin wọn. Láti Òkè Ọya ni wọ́n ti ń dà á wá, tí wọ́n ń gba ilẹ̀ Núpé àti Ìbàrìbá kọjá; ẹrú, iyọ̀ àti ọjà etí òkun ni Ọ̀yọ́ sì fi ń san owó rẹ̀. Ìtàn fi ìmúgbòòrò ẹgbẹ́ ogun ẹlẹ́ṣin sí ìgbà Aláàfin Ọ̀rọ̀mpọ̀tọ̀, ní sẹ́ńtúrì kẹrìndínlógún. Wọ́n ní ó máa ń ní kí wọ́n so ewé mọ́ ìrù ẹṣin, kí ewé náà lè gbá ojú ẹsẹ̀ wọn rẹ́ lójú ọ̀nà. Láàfin, Ọlọ́kùn-ẹṣin ni olórí ìtọ́jú ẹṣin ọba, oyè rẹ̀ sì ga tó bẹ́ẹ̀ tó fi jẹ́ pé ó wà lára àwọn tí ń bá Aláàfin kú.

Ẹnu ni ẹni tó mọ ẹṣin rà ti ń bẹ̀rẹ̀. Yóò la ètè rẹ̀, yóò wo eyín iwájú. Eyín ìgbà ọmọdé kéré, ó sì funfun. Méjì àárín ló ń kọ́kọ́ yọ kúrò nígbà tí ẹṣin bá tó ọdún méjì ààbọ̀, èyí tó tẹ̀ lé e a yọ lẹ́yìn ọdún kan, ti ìkángun a sì yọ ní nǹkan bí ọdún mẹ́rin ààbọ̀. Ẹṣin tí eyín àgbà rẹ̀ bá ti pé ti tó nǹkan bí ọdún márùn-ún, ó sì ti gbó tó fún iṣẹ́ líle. Lẹ́yìn ìgbà náà, bí ojú eyín bá ṣe jẹ tó ni wọ́n fi ń mọ ọjọ́ orí rẹ̀. Láti ẹnu, ọwọ́ a bọ́ sí pátákò, orúnkún àti ẹ̀yìn, bóyá gàárì ti dá egbò sí i rí. Akọ ẹṣin ni wọ́n sábà ń gùn lọ sógun nílẹ̀ Hausa àti Borno; abo ni wọ́n ń dá sí fún ọmọ bíbí.

Àìlera ẹṣin Ọ̀yọ́ hàn nígbà tí wọ́n gbógun ti ìjọba Dahomey ní 1726. Gẹ́gẹ́ bí William Snelgrave, oníṣòwò ará Gẹ̀ẹ́sì, ti kọ ọ́, ìró ìbọn àwọn ará Dahomey dẹ́rù ba àwọn ẹṣin débi pé ẹlẹ́ṣin kò lè darí wọn wọ àárín ọ̀tá. Ọ̀yọ́ ló ṣẹ́gun nígbẹ̀yìn, àmọ́ kò lè jókòó sílẹ̀ ibẹ̀. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni wọ́n ń lọ. Bí òjò bá ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀, wọ́n á kó ẹṣin padà sílé. Láti ìgbà náà ni ìbéèrè kejì ti wà nílẹ̀ fún ẹni tó ń yan ẹṣin ogun: ṣé yóò dúró bí ìbọn bá dún?

Nígbà tí Àfọ̀njá, olórí ogun Ọ̀yọ́, dìtẹ̀ sí Aláàfin ní Ìlọrin ní nǹkan bí 1817, ọ̀nà ẹṣin bọ́ sọ́wọ́ Ìlọrin. Ṣùgbọ́n àwọn ẹlẹ́ṣin Ìlọrin náà kò rí ọ̀nà gbà nínú igbó. Ìbàdàn ṣẹ́gun wọn ní Òṣogbo ní nǹkan bí 1840, oníbọn tó ń fẹsẹ̀ rìn ló sì gba ipò iwájú nínú ogun gúúsù.

Lẹ́bàá ọ̀sà, ọkọ̀ ojú omi ló ń ṣe iṣẹ́ tí ẹṣin ń ṣe lọ́dàn. Ọkọ̀ ni Kòsọ́kọ́, ọba Èkó, àti àwọn ènìyàn rẹ̀ fi sá kúrò l'Ékòó lọ sí Ẹ̀pẹ́ lẹ́yìn tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbógun ti Èkó ní oṣù Kejìlá 1851. Ní Ìkòròdú ní 1865, ìbọn àti rọ́kẹ́ẹ̀tì ni ọmọ ogun Glover, aláṣẹ Gẹ̀ẹ́sì l'Ékòó, fi lé àwọn Ẹ̀gbá tó dó ti ìlú náà. Ẹ̀pẹ́ kan náà ni ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà gòkè lọ bá Ìjẹ̀bú jà ní Ìmàgbọn ní oṣù Karùn-ún 1892, ẹ̀rọ ìbọn Maxim sì wà lọ́wọ́ wọn. Fún àwọn ìjòyè agbègbè yìí, ẹṣin jẹ́ àmì ọlá ju ohun ìjà lọ.

Lábẹ́ ìjọba amúnisìn, eré ìdíje bẹ̀rẹ̀ sí í yí ohun tí wọ́n ń wá lára ẹṣin padà. Ní pápá eré ẹṣin l'Ékòó, eré sísá ni gbogbo ọ̀rọ̀. Níbi pólò, ẹṣin tó lè dúró lójijì, tó sì lè yí láàárín ibi tóóró, ló níyì. Pápá eré ẹṣin náà ni Nàìjíríà ti gba òmìnira ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹwàá 1960. Ní 1972 ó di Tafawa Balewa Square, tí ère ẹṣin funfun mẹ́rin wà lókè ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Lábẹ́ ìjọba amúnisìn yìí kan náà, ilé ìwádìí àrùn eṣinṣin tsetse ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1947, àti oògùn abẹ́rẹ́ tó tẹ̀ lé e, dín ewu igbó kù fún ẹṣin.

Níbi tí ẹṣin ti gbilẹ̀ jù lónìí ní ìtòsí Ẹ̀pẹ́ ni Ojúde Ọba ní Ìjẹ̀bú-Òde, tó máa ń wáyé ní ọjọ́ kẹta Iléyá. Ọdún náà ní í ṣe pẹ̀lú Balógun Kúkù, tó gba ẹ̀sìn Ìsìláàmù ní 1902. Àwọn ìdílé Balógun, bíi Kúkù, Òdùnúga àti Aláùsá, ń gun ẹṣin wá kí Àwùjalẹ̀, ọba Ìjẹ̀bú, gẹ́gẹ́ bí ọmọ àwọn olórí ogun. Ìlù, ìbọn àti ọ̀pọ̀ èrò ló máa ń wà níbẹ̀. Ẹni tó bá yan ẹṣin fún ọjọ́ náà ń wá ẹṣin tí ara rẹ̀ le, tó gbọ́ràn sí ìjánu, tí kò sì ní fò sókè mọ́ èrò bí ìbọn bá dún. Bí wọ́n ṣe ń kọ́ ọ ni pé, wọ́n á mú un sún mọ́ ariwo díẹ̀díẹ̀: ìlù látòkèèrè, kí ó tó di ìlù nítòsí, kí ó tó di ìbọn. Èyí tí kò bá fara mọ́ ọn lẹ́yìn ìkọ́ yìí, wọn kì í gbé e wọ agbo.