Ẹrẹ̀ Kì í Ṣe Ìdọ̀tí

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ẹ bá mi gbọ́ ẹjọ́ ara mi. Ọmọ àrọ̀ kéékèèké mẹ́fà ni mo rà ní Ọjọ́, mo sì kó wọn sínú àpótí gíláàsì ní pálọ̀ wa ní Òkókómáikò. Ìsàlẹ̀ ni wọ́n ń lẹ̀ mọ́, tí wọ́n ń fi irùngbọ̀n wọn tú yanrìn kiri. Mo ní kí n kọ́ wọn ní ìmọ́tótó. Láràárọ̀ ni mo ń da omi wọn nù pátápátá, tí mo ń fọ gíláàsì àti yanrìn tónítóní. Kí ọ̀sẹ̀ kan tó pé, mẹ́rin ti kú.

Mo ro ẹjọ́ náà fún bàbá apẹja kan létí omi Ọjọ́. Ó rẹ́rìn-ín. "Ìwọ ọmọ yìí, níbi tí wọ́n ti wá, ta ní ń bá wọn fọ ẹrẹ̀?" Mo ní, "Kò sẹ́nì kan, bàbá." Ìbéèrè yẹn ló lé mi dé ìdí ìtàn.

Àwórì ni àwọn ọmọ onílẹ̀ Ọjọ́ àti Ìbà. Àwọn àgbà ní àwo kan ni baba ńlá wọn tẹ̀lé lójú omi títí ó fi rì ní Ìṣẹ́rì. "Àwo rì" ló di Àwórì. Ìsàlẹ̀ omi kò ṣàjèjì sí wọn rárá: ibẹ̀ ni àrọ̀ àti ọ̀bọ̀kún fi ṣe ilé.

Ṣé ẹ rò pé èmi nìkan ni mo gọ̀? Rárá o! Àwọn òyìnbó náà ti máa ń pààrọ̀ omi ẹja ṣáá kí wọ́n má bàa kú. Lọ́dún 1850 ni Robert Warington, onímọ̀ kẹ́míkà ní Lọ́ńdọ̀nù, ròyìn ohun tó dán wò. Ó da yanrìn àti ẹrẹ̀ sínú ìkòkò gíláàsì, ó gbin ewéko omi sí i, ó fi ẹja méjì sí i. Nígbà tí ewé bẹ̀rẹ̀ sí í jẹrà, ó kó ìgbín omi sí i láti jẹ ẹ́. Omi náà tòrò láìpààrọ̀ rẹ̀. Ní 1853, ọgbà ẹranko Lọ́ńdọ̀nù ṣí ilé ẹja fún gbogbo ènìyàn.

Kò pẹ́ tí ẹja ìsàlẹ̀ omi tiwa náà fi dé ọ̀dọ̀ wọn. Àwọn míṣọ́nnárì ní Creek Town, nítòsí Calabar, fi òjìjí ránṣẹ́ láàyè sí Edinburgh. Ní 1857, ọ̀jọ̀gbọ́n Goodsir fi díẹ̀ ránṣẹ́ sí Emil du Bois-Reymond ní Berlin, ẹni tó ń ṣèwádìí iná mànàmáná inú ara. Ẹja tó ń gbọn apẹja rìrì níhìn-ín wá di olùkọ́ àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n lọ́hùn-ún.

Kí wá ni àṣírí ẹrẹ̀? Ìgbẹ́ ẹja àti oúnjẹ tó ṣẹ́kù a máa di oró tí à ń pè ní ammonia. Àwọn kòkòrò tín-ín-tìn-ìn-tín inú yanrìn ló ń sọ oró náà di ohun tí kò le tó bẹ́ẹ̀, tí ewéko yóò sì fi ṣe oúnjẹ. Àwọn òṣìṣẹ́ wọ̀nyẹn ni mò ń fọ̀ dànù láràárọ̀!

Nísinsìnyí, ìdá mẹ́rin omi ni mò ń pààrọ̀ ẹyọ kan rẹ̀ lọ́sẹ̀. Bó bá jẹ́ omi ẹ̀rọ oníkẹ́míkà, mo máa ń jẹ́ kó sùn ní gbangba ná. Yanrìn múlọ́múlọ́ ni mo lò, kí irùngbọ̀n wọn má bàa bó. Àpáàdì ìkòkò ni wọ́n ń sá pamọ́ sí. Ìrọ̀lẹ́ ni mò ń fún wọn lóúnjẹ, torí òru ni wọ́n ń jẹ̀. Mo dé gíláàsì náà, mo fi àyè afẹ́fẹ́ sílẹ̀: àrọ̀ ń mí afẹ́fẹ́ lójú omi, ó sì lè rá jáde. Bí ọ̀kan bá tóbi ju èkejì lọ, ẹ tètè yà wọ́n, kí ẹ̀gbọ́n má bàa gbé àbúrò mì.

Méjì tó ṣẹ́kù yè. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo padà lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ bàbá, ọ̀rá àti ike ni mo rí tó léfòó létí omi Ọjọ́. Bàbá nawọ́ sí i. "Ìdọ̀tí tí ò ń wá, òun nìyẹn."

Ẹrẹ̀ kọ́ ló bí i; àwa la dà á síbẹ̀. Omi pálọ̀ mi, mo lè pààrọ̀ rẹ̀. Ta ni yóò bá wa pààrọ̀ ti Ọjọ́?