Ààlà Ló Nù, Ilẹ̀ Kò Nù: Ọ̀rọ̀ Yorùbá fún Háàdì Díìsìkì Tí Kòkòrò Bà Jẹ́

Ní ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe, gbólóhùn kan wà tí ń bà mí lẹ́rù ju kòkòrò kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ lọ. Olùkọ́ obìnrin kan á gbé láptọ́ọ̀pù rẹ̀ dé, á ní, "Ẹ kú iṣẹ́ níbẹ̀ o. Dráìfù D mi ò ṣí mọ́, gbogbo ìbéèrè ìdánwò táámù yìí ló sì wà níbẹ̀." Ọ̀dọ́mọkùnrin tó wà nídìí iṣẹ́ á tẹ bọ́tìnnì díẹ̀, á wo ojú ẹ̀rọ, á mirí: "Fáírọ́ọ̀sì ti jẹ ẹ́, mà. Ẹ jẹ́ n bá yín fọ́mátì ẹ̀." Olùkọ́ á mí kanlẹ̀, á ní kó máa ṣe é lọ.

Ọ̀rọ̀-ìṣe kan ṣoṣo, "jẹ", ló dájọ́ ikú fún iṣẹ́ odindi táámù kan. Ohun tí a bá jẹ ti lọ nìyẹn. Kò sẹ́ni tí í wá a kiri. Bẹ́ẹ̀, lọ́pọ̀ ìgbà tí irú èyí bá ṣẹlẹ̀, ìbéèrè ìdánwò náà ṣì wà lórí háàdì láìfarapa, àfi ibi kékeré kan tí kòkòrò ti bà jẹ́. Fọ́mátì tí wọ́n fẹ́ fi wò ó sàn gan-an ló lè wá pa á.

Ohun tí mo fẹ́ sọ kò ju èyí lọ: ọ̀rọ̀ tí a bá fi lé ẹni tí háàdì rẹ̀ bàjẹ́ lọ́wọ́ gbọ́dọ̀ dá a dúró níbi tó yẹ kó dúró, kó sì tì í síwájú níbi tó yẹ kó lọ. Ọ̀rọ̀ tó bá dùn létí ṣùgbọ́n tó ń ṣi ni lọ́nà, kí a gbé e tì.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ bí háàdì ṣe rí nínú. A pín in sí ẹyọ kéékèèké tó dọ́gba, ẹyọ kọ̀ọ̀kan sì sábà máa ń gba báìtì 512. Kọ̀ǹpútà kì í mú ìlàjì ẹyọ. Odidi ni í kà, odidi ni í kọ. Nọ́ńbà ló fi ń dá wọn mọ̀, láti orí òdo lọ. Háàdì tí à ń pè ní 1 TB sábà máa ń ní irú ẹyọ bẹ́ẹ̀ 1,953,525,168.

Àgbẹ̀ Yorùbá ti ní ọ̀rọ̀ fún irú ètò yìí tipẹ́. Ebè ni. Baba àgbẹ̀ kì í fi mítà wọn oko rẹ̀ fún ọ. Á ní igba ebè lòun kọ láàárọ̀ yìí, á ní oko òun tó ẹgbẹ̀rún ebè. Ọ̀rọ̀-ìṣe tí a ń lò fún ebè àti fún ìwé sì jẹ́ ọ̀kan náà: kọ. Nítorí náà, bí mo bá ní kọ̀ǹpútà ń kọ ebè, mi ò fi agbára fa èdè ya. Ebè òdo ni ẹyọ àkọ́kọ́ lórí háàdì, ebè 1 ló tẹ̀ lé e, bẹ́ẹ̀ ló sì ń lọ títí dé ìpẹ̀kun.

Láti inú oko yìí ni mo fẹ́ kí a ti fa ìyókù yọ, kí àwọn ọ̀rọ̀ náà lè máa ti ara wọn lẹ́yìn. Pátíṣọ̀n á di ìpín: apá kan oko tó bẹ̀rẹ̀ láti ebè kan, tó parí sí ebè mìíràn. Àwọn kan lè fẹ́ pè é ní yàrá, ṣùgbọ́n yàrá ní ògiri, ẹni tó bá sì gbọ́ pé ògiri wó á rò pé ẹrù inú rẹ̀ ti run. Ìpín orí háàdì kò ní ògiri kankan. Ohun tó yà á sọ́tọ̀ ni àkọsílẹ̀ kan nínú ebè òdo, tó sọ pé: ebè báyìí ni ìpín yìí ti bẹ̀rẹ̀, iye ebè rẹ̀ sì nìyí. Àkọsílẹ̀ yìí ni mo pè ní ìwé ààlà. "Tábìlì" kò lè ṣe é, nítorí àga àti oúnjẹ ni yóò mú wá sọ́kàn ẹni tó gbọ́ ọ.

Ẹ wo bí ìwé ààlà yìí ti kéré tó. Nínú báìtì 512 tí ebè òdo gbà, 446 àkọ́kọ́ jẹ́ ti àṣẹ tí ń jí kọ̀ǹpútà. Mẹ́rìnlélọ́gọ́ta tó tẹ̀ lé e ni ìwé ààlà: ìlà mẹ́rin, báìtì 16 fún ìlà kọ̀ọ̀kan. Méjì tó kẹ́yìn, 55 àti AA, ni òǹtẹ̀ tó jẹ́rìí sí i pé ebè òdo náà pé. Gbogbo ìdààmú olùkọ́ yẹn lè ti orí báìtì 64 wá. Àyè tí ìwé ààlà àtijọ́ yìí ní láti ka ebè kò kọjá nǹkan bí 2 TB, ìdí sì nìyẹn tí wọ́n fi ṣe irú tuntun, GPT, èyí tó sábà máa ń ní àyè fún ìpín 128, tó sì ń fi ẹ̀dà ara rẹ̀ pamọ́ sí ìpẹ̀kun háàdì.

Mo fi háàdì díìsìkì, báìtì, fáìlì àti fọ́mátì sílẹ̀ bí wọ́n ṣe wà. Ẹnu gbogbo ènìyàn ló ti gbà wọ́n, a ò sì rí nǹkan kan jèrè nínú kí a máa bá wọn jà. Àwọn onímọ̀ gírámà wa ti ṣe bẹ́ẹ̀ ṣáájú: wọ́n ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀-orúkọ àti ọ̀rọ̀-ìṣe, wọ́n sì yá fáwẹ́lì àti kọ́ńsónáǹtì lò, ọmọ ilé ìwé sì ń fi gbogbo wọn kọ ìdánwò Yorùbá láìṣe wàhálà. Ní tèmi, orúkọ nǹkan ṣe é yá. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ tí ojú kò rí, òun ló yẹ kí Yorùbá sọ yé ni.

Èyí gbé wa padà sórí kòkòrò. Ọ̀rọ̀ náà dára. Rédíò ti ń lò ó tipẹ́ fún ohun tí ń fa àìsàn, kò sì sí ẹni tí yóò ṣì í gbọ́. Ọ̀rọ̀-ìṣe tó ń tẹ̀ lé e ló nílò àtúnṣe, nítorí ohun mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni kòkòrò lè ṣe, ìtọ́jú wọn kò sì jọra.

Ó lè ṣí ìwé ààlà nípò. Kòkòrò kan tí ń jẹ́ Stoned, tó ti New Zealand jáde ní 1987, máa ń gbé ohun tó wà nínú ebè òdo lọ sí ebè keje, á wá jókòó sáyè rẹ̀. Michelangelo, tí wọ́n rí ní 1991, jẹ́ ọmọ Stoned, ibì kan náà ló sì ń gbé e lọ. Ẹni tó mọ̀ pé ṣíṣí ni wọ́n ṣí i á lọ gbé e padà. Ṣùgbọ́n bí àwọn méjèèjì bá pàdé lórí háàdì kan, èyí tó dé kẹ́yìn á gbé èyí tó bá nílẹ̀ lọ sí ebè keje, á sì tẹ ojúlówó tó wà níbẹ̀ mọ́lẹ̀.

Ó sì lè sọ nǹkan di àdììtú, tí ẹnikẹ́ni kò ní lè kà á láìní kọ́kọ́rọ́ rẹ̀. NotPetya, tó bẹ́ sílẹ̀ ní Ukraine ní 27 oṣù Kẹfà 2017, sọ ìwé atọ́ka fáìlì, ìyẹn àkọsílẹ̀ ibi tí fáìlì kọ̀ọ̀kan wà, lórí ìpín NTFS ti Windows di àdììtú, ó ní kí wọ́n wá san owó, bẹ́ẹ̀ kò sí kọ́kọ́rọ́ tí owó náà lè rà. Níbi tí a bá ti gbọ́ "ó ti di àdììtú", kí olówó pa owó rẹ̀ mọ́ ná.

Ohun kẹta ni pípa rẹ́, ibẹ̀ ni mo sì fẹ́ dúró díẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Taiwan, Chen Ing-hau, ló kọ CIH ní 1998. Lẹ́tà ìbẹ̀rẹ̀ orúkọ rẹ̀ ló di orúkọ kòkòrò náà. Ní 26 oṣù Kẹrin 1999, CIH jí lórí kọ̀ǹpútà káàkiri àgbáyé, pàápàá jù lọ ní Éṣíà. Ó fi òdo pa mẹ́gábáìtì àkọ́kọ́ lórí háàdì rẹ́, ìyẹn ebè 2,048. Lórí àwọn ẹ̀rọ kan ó tún ba BIOS jẹ́, ìyẹn ètò tó ń kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ bí a bá tan kọ̀ǹpútà. Ìwé ààlà lọ, ìbẹ̀rẹ̀ ìpín kìíní sì lọ pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n ìpín kejì jìnnà sí ibi tí ọwọ́ CIH dé. Ebè rẹ̀ kankan kò gbọgbẹ́. Nínú ìpín kìíní pàápàá, bó bá jẹ́ irú tí à ń pè ní FAT32, ó máa ń ní ìwé atọ́ka fáìlì méjì tó tẹ̀ léra. Bí ìpín bá tóbi, ìwé atọ́ka kìíní nìkan á ju mẹ́gábáìtì kan lọ, ìkejì á sì bọ́. Láti inú ìkejì yìí ni àwọn tó mọṣẹ́ ti ń kó fáìlì jáde. Ẹni tó gbọ́ pé "CIH ti jẹ ẹ́" ti fọ́mátì. Ẹni tó gbọ́ pé "CIH ti pa ìwé ààlà rẹ́" ní ohun tó lè béèrè.

Ọ̀nà méjì ló wà láti wo irú háàdì bẹ́ẹ̀ sàn, "gbígbà padà" nìkan kò sì lè gbé méjèèjì. Èkíní ni ìdápadà ààlà. TestDisk, tí Christophe Grenier ará Faransé kọ, tí a kì í sanwó fún, máa ń rìn lórí ebè, ó ń wá àmì tí ìpín máa ń ní níbẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Iye ebè ìpín náà wà nínú àmì yẹn. Bí ìyẹn bá tilẹ̀ ti parẹ́, NTFS máa ń fi ẹ̀dà rẹ̀ sí ebè tó gbẹ̀yìn ìpín. TestDisk á kà á, á mọ ibi tí ààlà wà, á tún ìwé ààlà kọ. Fáìlì kankan kò ní ṣí kúrò níbi tó wà.

Ọ̀nà kejì ni pèéṣẹ́. Bí ìwé atọ́ka fáìlì bá ti bàjẹ́ kọjá àtúnṣe, PhotoRec, ìkejì TestDisk, kì í wo ààlà mọ́. Ó ń ka ebè kọ̀ọ̀kan, ó ń wá báìtì tí irú fáìlì kan fi í bẹ̀rẹ̀: fọ́tò JPEG á bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú FF D8 FF, ìwé PDF á bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú %PDF. Ohun tó bá rí ló ń ṣà. Orúkọ fáìlì kì í bá a wá, fódà kì í bá a wá, fáìlì tí ebè rẹ̀ fọ́n ká sì lè wá ní àbọ̀. Pèéṣẹ́ ni à ń pe ṣíṣa ohun tó ṣẹ́ kù lóko lẹ́yìn ìkórè. Oníbàárà tó bá gbọ́ ọ ti mọ̀ pé kò lè pé, kò sì ní pe ẹni tó bá a ṣe é ní olè.

Àwọn ọ̀rọ̀ kan kù tí a ní láti ṣọ́ra fún. "Àwòrán" ni ẹni tó bá ń kánjú lè pe ohun tí à ń ṣe kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n a ò ya fọ́tò háàdì. Ẹ̀dà ebè-dé-ebè ni à ń ṣe. Fọ́mátì pẹ̀lú nílò àlàyé lẹ́yìn rẹ̀. Fọ́mátì oréfèé ń kọ ìwé atọ́ka tuntun, ó sì fi ọ̀pọ̀ ebè sílẹ̀ bó ṣe bá wọn. Fọ́mátì kíkún ti Windows, láti ìgbà Vista, ń fi òdo bo gbogbo ebè ìpín. Lẹ́yìn ìyẹn kò sí pèéṣẹ́ mọ́. Lórí SSD, oréfèé pàápàá kò ṣe é fọkàn tán, nítorí Windows á sọ fún SSD pé àwọn ebè náà ti ṣófo, SSD á sì gbá wọn mọ́ fúnra rẹ̀. Ìgbálẹ̀ ni mo pe ìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí a wá fi àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí ṣiṣẹ́. Bí ìpín kan bá nù lẹ́yìn tí kòkòrò wọlé, ẹ pa kọ̀ǹpútà náà. Ẹ yọ háàdì rẹ̀, kí ẹ so ó mọ́ kọ̀ǹpútà mìíràn tí kòkòrò kò sí nínú rẹ̀. Bí Windows bá béèrè bóyá kó fọ́mátì, ẹ sọ pé rárá. Ẹ ṣe ẹ̀dà ebè-dé-ebè sórí háàdì tí kò kéré sí i, orí ẹ̀dà yẹn ni kí ẹ sì ti ṣiṣẹ́. Ẹ jẹ́ kí TestDisk wá ààlà. Kó tó kọ ohunkóhun, ẹ ṣí ìpín tó rí, kí ẹ wò bóyá orúkọ fáìlì yín hàn. Bí wọ́n bá hàn, ẹ jẹ́ kó tún ìwé ààlà kọ. Bí wọn kò bá hàn, ẹ pèéṣẹ́, kí ẹ kó ohun tí ẹ bá rí sórí háàdì ọ̀tọ̀. Bí ó bá ti di àdììtú, ẹ̀dà tí ẹ ti fi pamọ́ kí kòkòrò tó dé ni àbò tó dájú jù.

Kí àwọn tó ń kọ ìwé atúmọ̀ ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà gbé ọ̀rọ̀ wọn lọ sí ọjà kọ̀ǹpútà Ọ̀tígbà ní Ìkẹjà kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́ jáde. Kí wọ́n fi lé ọ̀gá àti ọmọ iṣẹ́ lọ́wọ́, pẹ̀lú háàdì tó bàjẹ́ níwájú wọn. Ọ̀rọ̀ tó bá mú wọn sáré fọ́mátì, kí a yọ ọ́ kúrò. Èyí tó bá mú wọn kọ́kọ́ bi ara wọn pé ààlà ló bàjẹ́ ni àbí ilẹ̀, kí a kọ ọ́ sínú ìwé, kí a sì fi kọ́ ọmọ.