Ọ̀mọ̀ràn Tó Mọ Ohùn Inú Kásẹ́ẹ̀tì

Òwe, òwe là ń lùlù àgídìgbo. Ọlọ́gbọ́n ní í jó o, ọ̀mọ̀ràn ní í mọ̀ ọ́n. Ẹni tó ń pa òwe yìí lójoojúmọ́ lè má kíyè sí i pé iṣẹ́ méjì ló wà nínú rẹ̀. Ijó ni iṣẹ́ kìíní, ìmọ̀ ni èkejì, àwọn àgbà ò sì kó méjèèjì lé ẹnì kan lọ́wọ́. Ọlọ́gbọ́n gbọ́ ìlù, ó mọ ibi tí ìlù ń darí ẹsẹ̀ sí, ó sì jó o débẹ̀. Ọ̀mọ̀ràn lè jókòó jẹ́ẹ́ kó má mi èjìká, ṣùgbọ́n òun ló mọ ẹni tí ìlù ń kì, ẹni tó ń bú, àti ẹni tó ń kìlọ̀ fún. Kí ìlù dùn létí yàtọ̀ sí kí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ yéni.

Mo fẹ́ fi òwe yìí yẹ ìlù kan wò tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀ pé ìlù ni. Láàárín 1975 sí nǹkan bí 1990, kọ̀ǹpútà tí àwọn ènìyàn ń rà sílé nílùú òyìnbó máa ń fi ohùn kọ ohun tó bá fẹ́ rántí sínú kásẹ́ẹ̀tì, irú kásẹ́ẹ̀tì kan náà tí àwa fi ń gbọ́ àpàlà àti ìwàásù. Ilé iṣẹ́ Philips ló kọ́kọ́ gbé e jáde ní Berlin ní 1963. Ẹ̀rọ díìsìkì wọ́n gógó nígbà náà, ṣùgbọ́n rédíò kásẹ́ẹ̀tì ti wà nílé tálákà. Ní oṣù kọkànlá 1975, ìwé ìròyìn Byte pe àwọn tó ń ṣe kọ̀ǹpútà kékeré jọ sí Kansas City ní Amẹ́ríkà, wọ́n sì fẹnu kò lórí bí ohùn náà yóò ṣe máa dún. Nígbà tó fi máa di 1982, tí ZX Spectrum ti ilé iṣẹ́ Sinclair jáde ní pọ́n-ùn 125, tí Commodore 64 náà sì jáde, ilé tó ní kásẹ́ẹ̀tì kọ̀ǹpútà ti pọ̀ lọ jàra. Ọmọ Yorùbá tó ń lọ sílé ìwé ní Lọ́ńdọ̀nù lásìkò yẹn lè bá BBC Micro pàdé ní kíláàsì, kó sì gbé iṣẹ́ tó ṣe lórí rẹ̀ wálé nínú kásẹ́ẹ̀tì.

Ẹ gbọ́ bí kọ̀ǹpútà náà ṣe ń sọ̀rọ̀. Gbogbo ohun tó mọ̀, ì báà jẹ́ lẹ́tà, ì báà jẹ́ àwòrán, àmì méjì péré ló fi ń kọ ọ́: òdo àti ení. Lórí ZX Spectrum, òdo jẹ́ ìgbì ohùn kúkúrú kan, ení jẹ́ ìgbì tó gùn tó méjì rẹ̀. Ìgbì òdo tó lè wọ inú ìṣẹ́jú àáyá kan jẹ́ nǹkan bí 2,047, ti ení jẹ́ nǹkan bí 1,023. Kò sí ohùn kẹta nínú ọ̀rọ̀ náà. Kí ọ̀rọ̀ tó bẹ̀rẹ̀, fèrè gbọọrọ kan á kọ́kọ́ dún fún ìṣẹ́jú àáyá 5, bí onílù ṣe ń na awọ díẹ̀ kó tó wí ohun tó fẹ́ wí. Lẹ́yìn náà ni ariwo á bẹ́, ṣìì bí àkàrà tó bọ́ sínú epo gbígbóná: òdo àti ení ló ń sáré lé ara wọn. Ẹni tí kò mọ̀ á ní rédíò ti bàjẹ́.

Àmì mẹ́jọ mẹ́jọ ni kọ̀ǹpútà ń dì pọ̀. Ìdì kọ̀ọ̀kan là ń pè ní báìtì, oríṣi ìdì tó sì lè wà jẹ́ 256. Ẹni tó bá ti jókòó ti babaláwo rí á ti dá iye yìí mọ̀. Ojú mẹ́jọ ni ọ̀pẹ̀lẹ̀ ní, ojú kọ̀ọ̀kan ń yọ ní ení tàbí èjì, odù Ifá sì jẹ́ 256. N kò sọ pé ọ̀dọ̀ Ọ̀rúnmìlà ni àwọn tó ṣe kọ̀ǹpútà ti kọ́ ọ. Ìṣirò kan náà ló gbé àwọn méjèèjì débẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ rí ni pé ọ̀pẹ̀lẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ balẹ̀ kò tíì sọ nǹkan kan. Gbogbo ẹni tó wà nítòsí ló rí i. Babaláwo nìkan ló lè pe orúkọ odù tó yọ, kó sì ki í.

Ọ̀pọ̀ kásẹ́ẹ̀tì wọ̀nyẹn ti lé ní ogójì ọdún báyìí. Ọmọ tó kọ ètò àkọ́kọ́ rẹ̀ sínú ọ̀kan ti di bàbá, ẹlòmíràn sì ti kú, àwọn ọmọ rẹ̀ ló ń wá ohun tó fi sílẹ̀. Púpọ̀ nínú wọn ti gbé kásẹ́ẹ̀tì fún ẹni tó ní ẹ̀rọ, ó bá wọn dà á sínú kọ̀ǹpútà òde òní, wọ́n sì gba fáìlì MP3 lọ sílé tayọ̀tayọ̀. Ijó ni wọ́n jó yẹn. MP3 máa ń ju ohun tí etí ènìyàn kò ní mọ̀ pé ó sọnù dànù, ó sì ń yí ojú ìgbì ohùn padà díẹ̀díẹ̀. Tí orin bá ni, kò burú. Ṣùgbọ́n ètò tó ń ka ohùn kọ̀ǹpútà kì í gbádùn ohùn, ṣe ló ń fi ọ̀pá wọn gígùn ìgbì kọ̀ọ̀kan. Tí a bá gbà á sílẹ̀ ní WAV, irú fáìlì tí kì í ju nǹkan kan dànù, tí ẹ̀rọ ń wo ohùn nígbà 44,100 nínú ìṣẹ́jú àáyá kan, ìgbì òdo á gba ìwò 21 tàbí 22, ìgbì ení á gba 43. Èyí tí kò bá tó 32, òdo ni. Èyí tó bá ju 32 lọ, ení ni. Gbogbo ìmọ̀ ọ̀mọ̀ràn náà kò ju bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ìgbì tí wọ́n ti bà lójú jẹ́ á ṣì í lọ́nà. Fún ìṣẹ́jú 5 téèpù, WAV á gba nǹkan bí mílíọ̀nù báìtì 26, ọ̀rọ̀ tí Spectrum sì lè gbà sórí nínú rẹ̀ kò pé 50,000. Ẹ má ṣe ṣahun ààyè níbẹ̀.

Èyí tó le jù nínú iṣẹ́ náà kò sí nínú kọ̀ǹpútà rárá. Ara rédíò kásẹ́ẹ̀tì ló wà, níbi orí rẹ̀ tí àwọn tó ń tún rédíò ṣe ń pè ní hẹ́ẹ̀dì. Téèpù fẹ̀ ní mìlímítà 3.81 péré, ó ń sáré ní sẹ̀ǹtímítà 4.76 nínú ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí hẹ́ẹ̀dì bá fì díẹ̀ yàtọ̀ sí bí èyí tó gba ohùn náà sílẹ̀ ṣe dúró, ohùn mímú á di ohùn tó fẹnu sínú. Ìdè kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí a fi ń tún un gbé. Ẹ kọ́kọ́ fi òwú àti sípírítì nu hẹ́ẹ̀dì, kí ẹ wá máa yí ìdè náà díẹ̀díẹ̀ títí ohùn yóò fi là. Kásẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan ló ní tirẹ̀, nítorí rédíò tó gbà á sílẹ̀ kì í ṣe ọ̀kan náà. Bí téèpù bá sì ti fà, fèrè ìbẹ̀rẹ̀ yẹn ni òṣùwọ̀n. A mọ̀ pé ìgbì 807 ló yẹ kó jẹ́ nínú ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí a bá bá a ní 780, a mọ bí téèpù ṣe falẹ̀ tó, a ó sì sún ààlà 32 yẹn síwájú.

Ibi tí mo fẹ́ràn jù ló kù. Ní ìparí ìdì ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, Spectrum máa ń fi báìtì kan sí i tí kì í ṣe ara ọ̀rọ̀ náà. Ẹlẹ́rìí ni. Ẹ to gbogbo báìtì sísàlẹ̀ ara wọn, kí ẹ wá ka ení tó wà ní ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan láti òkè dé ìsàlẹ̀. Bí iye wọn bá pín sí méjì dọ́gba, ẹlẹ́rìí á kọ òdo síbẹ̀; bí ọ̀kan bá ṣẹ́kù, á kọ ení. Bí ẹ bá ka téèpù tán tí ohun tí ẹ kà kò bá ti ẹlẹ́rìí mu, ẹ ti mọ̀ pé ẹ ṣì í gbọ́. Èyí tó tún yà mí lẹ́nu ni pé bí èébu bá jẹ báìtì kan ṣoṣo, tí ẹ sì mọ ibi tó wà, ẹlẹ́rìí yóò sọ ohun tó jẹ́ gan-an, àmì kan kò ní yàtọ̀. Commodore 64 ní tirẹ̀ ń sọ ọ̀rọ̀ kan náà lẹ́ẹ̀mejì, kí ìkejì lè gba ìkíní sílẹ̀. BBC Micro ń gé ọ̀rọ̀ rẹ̀ sí báìtì 256 256, ègé kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ẹlẹ́rìí tirẹ̀. Ìdí rèé tí ohun tí a bá rí gbà padà kì í fi í ṣe àjọjọ. Òun gan-an ni, bó ṣe wà lọ́jọ́ tí wọ́n kọ ọ́.

Ẹ jẹ́ ká wá wálé. Ní Ìkẹ́rẹ́, ní Ìsẹ̀, ní Ẹmùré, ilé tó ní páálí kásẹ́ẹ̀tì lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì kò lóǹkà. Ìsìnkú àgbà wà nínú ọ̀kan, ìgbéyàwó wà nínú òmíràn, ìyá kan ń ki ọkọ rẹ̀ nínú òmíràn pẹ̀lú Èkìtì tó jinlẹ̀, tó ń pe ilé ní ulé, tó ń pe igi ní ugi. A mọ bí a ṣe ń ṣẹ́ etí kásẹ́ẹ̀tì kí ẹnikẹ́ni má bàa gba nǹkan mìíràn lé e. A sì mọ àwọn tó fi bébà dí ojú ihò náà, tí wọ́n gba orin rédíò lé ohùn bàbá wọn. Èyí tó ṣẹ́kù nínú wọn, hẹ́ẹ̀dì àti WAV tí mo ti sọ lè gbà á là. Ṣùgbọ́n ohùn ènìyàn kò ní báìtì ẹlẹ́rìí. Bí téèpù bá gbé ọ̀rọ̀ kan mì láàárín oríkì, kò sí ìṣirò tó lè dá a padà. Ẹni tó mọ oríkì náà nìkan ló lè sọ ọ́.

Ọmọ Ìsẹ̀ kò gbọdọ̀ ṣàìmọ ẹ̀rí èyí. Ọlọ́wẹ̀ ti Ìsẹ̀, gbẹ́nàgbẹ́nà ńlá tó kú ní 1938, ló gbẹ́ ilẹ̀kùn ààfin Ògògà ti Ìkẹ́rẹ́ tí wọ́n gbé lọ sí àfihàn Wembley ní 1924, tó sì wà ní British Museum ní Lọ́ńdọ̀nù títí dòní. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ló ti dúró níwájú ilẹ̀kùn náà. Ṣùgbọ́n ní 1988, àádọ́ta ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀, ọ̀kan nínú àwọn ìyàwó rẹ̀ tó ṣì wà láàyè ki oríkì rẹ̀ fún ọ̀jọ̀gbọ́n John Pemberton, ẹnu obìnrin yẹn ni a sì ti gbọ́ bí Ọlọ́wẹ̀ ṣe rí àti ìwà tó hù. Igi wà níbẹ̀ láti ọjọ́ yìí wá, kò wí nǹkan kan nípa ìyẹn.

Ẹ má ṣe rò pé iṣẹ́ náà ju agbára wa lọ. Ní ilé rédíò ìjọba ní Conakry, ní orílẹ̀-èdè Guinea, láàárín 2008 sí 2013, Graeme Counsel àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ da orin 9,410 láti inú téèpù ńláńlá sínú kọ̀ǹpútà. Páálí kan lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì kò tó ìyẹn.

Nítorí náà, ẹ gbé kásẹ́ẹ̀tì yín jáde. Ẹ dà á ní WAV, kí ẹ sì tọ́jú rẹ̀ síbi méjì. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé e lọ bá ìyá àgbà tó mọ àwọn tó ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀, ẹ jẹ́ kó gbọ́ ọ, kí ẹ fi ìwé àti bírò jókòó tì í. Ẹ kọ orúkọ ẹni tó ń sọ̀rọ̀, ẹni tí wọ́n ń kì, agboolé tí wọ́n wà, àti ọ̀rọ̀ tí téèpù gbé mì. Ẹ ṣe é lọ́dún yìí, nígbà tí etí ìyá ṣì ń gbọ́ràn.